Ẹ Gbé Iṣẹ́ Àgbélébùú fún Agbẹ́gilére Wa, Ẹ Má sì Jẹ́ Kó Yọ Ìṣó: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Párìṣì Wa ní Ilé-Ifẹ̀

Sí Fada wa, Alága Ìgbìmọ̀ Párìṣì, àti gbogbo ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ pátá,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ilé Olúwa, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú wàhálà àwọn kafíńtà àti bíríkìlà. Ilé ìjọsìn tuntun wa ti lórùlé, táìsì ti wà nílẹ̀, fèrèsé ti wọlé, ó wá ku ògiri ẹ̀yìn pẹpẹ tó ṣófo. Ògiri yẹn ló ń fa ìjà láàárín wa. Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ dìbò lé e lórí ní ìpàdé tó ń bọ̀: kí ẹni tó bá fẹ́ Jésù aláwọ̀ funfun tó wà nínú ìwé àwọn tó ń ta ohun èlò ṣọ́ọ̀ṣì nawọ́, kí ẹni tó bá fẹ́ Jésù Yorùbá náà nawọ́, kí èyí tó bá pọ̀ jù borí.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má di ìbò yẹn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni kí ẹ gbé iṣẹ́ náà fún agbẹ́gilére ilẹ̀ wa, kí ẹ sì sọ fún un láìfi igbá kan bọ̀kan nínú pé Jésù tí wọ́n kàn mọ́gi ni kó gbẹ́, pẹ̀lú ìṣó lọ́wọ́, ìṣó lẹ́sẹ̀, àti ojú ọ̀kọ̀ ní ìhà.

Èmi kì í ṣe ọmọ ìgbìmọ̀. Àwọn ọmọdé tó ń múra sílẹ̀ fún Kòmúníọ̀n Àkọ́kọ́ ni mò ń kọ́ ní kátíkísì lẹ́yìn Mísà, àwọn ọmọ yìí ló sì mú mi kọ̀wé. Etí wọn ò di. Wọ́n ń gbọ́ nígbà tí àwọn àgbà kan ń pe àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ní abọ̀rìṣà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ń gbọ́ nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ń dá a padà pé ẹrú òyìnbó ni àwọn àgbà. Ọmọbìnrin kan nínú wọn bi mí pé, "Àǹtí, ṣé Jésù tiwọn àti Jésù tiwa kì í ṣe ẹnì kan náà ni?" Mo dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà jẹ ẹ́ ní ìdáhùn, ohun tí ẹ bá sì gbé kọ́ sára ògiri yẹn ni ìdáhùn tó máa rí títí tó fi máa dàgbà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ nípa ìbẹ̀rù àwọn àgbà, nítorí pé kò tíì yé wọn. Ilé-Ifẹ̀ là ń gbé. Wọ́n ní ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ọdún ni wọn kì í bọ òrìṣà kankan ní ìlú yìí. Ẹni tó bá di ọmọ Ìjọ Àgùdà níbẹ̀ láyé ọjọ́un, nǹkan ńlá ló fi sílẹ̀. Ìyá àgbà kan tó máa ń jókòó níwájú lọ́wọ́ òsì sọ fún mi pé ìṣojú òun báyìí ni bàbá òun ṣe kó ère ìbejì jáde nínú yàrá, tó gbé wọn lọ fún olùkọ́ kátíkísì láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa ṣe ìrìbọmi fún un. Osùn àti òróró ti mú ère méjèèjì dán, imú àti ẹnu wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ nítorí ọwọ́ tó ti ń wẹ̀ wọ́n, tó ń fi oúnjẹ kàn wọ́n lẹ́nu. Ìyá bàbá rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń pe Táyé, ó ń pe Kẹ́hìndé. Láti ọjọ́ náà, ìyá yìí ò fẹ́ rí igi gbígbẹ́ níwájú rẹ̀ mọ́ tó bá ń gbàdúrà. Bí ẹ bá wá sọ fún un pé igi gbígbẹ́ ni ẹ fẹ́ gbé kọ́ sókè pẹpẹ, ọjọ́ yẹn ni ọkàn rẹ̀ máa padà sí. Kò sí òyìnbó kankan nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá pè é ní ẹrú òyìnbó kò mọ ohun tó ná ìdílé rẹ̀ kí wọ́n tó kúnlẹ̀ síbi tí wọ́n kúnlẹ̀ sí.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ẹ gbọ́ tèmi náà, ẹ má bínú. Ohun tí ẹ ń bẹ̀rù yẹn, Ìjọ ti jókòó lé e lórí láti ọdún 787, ní Ìgbìmọ̀ Kejì ti Nicaea, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù. Ṣáájú ìgbà yẹn, wọ́n ti ń fọ́ àwòrán Jésù àti ti àwọn ẹni mímọ́ káàkiri ilẹ̀ ọba Byzantium, wọ́n ní ìbọ̀rìṣà ni. Ìpinnu tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù ṣe ni pé ọ̀wọ̀ tí a bá fún àwòrán, ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n yà síbẹ̀ ló ń lọ. Ìgbìmọ̀ Trent, irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ kan náà, tún un sọ ní 1563. Wọn ò sọ pé ẹfun, ìyẹn pílásítà, nìkan ni kí wọ́n fi ṣe é, wọn ò sì sọ pé òkè òkun ni kó ti wá. Bí ẹfun tí wọ́n rọ ní Ítálì kò bá di òrìṣà lójú wa, igi apá tí wọ́n gbẹ́ ní Ọ̀ṣun kò ní dà á. Ọkàn ẹni tó kúnlẹ̀ ni kí a máa ṣọ́.

Ẹ tún wo àwọn àwòrán tó wà nílé wa. Ìkan wà tí Jésù kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, irun rẹ̀ gùn dé èjìká, ìmọ́lẹ̀ rọra ń tàn níwájú orí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló bá a nílé bàbá yín, ẹ sì rò pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà láti ìgbà àwọn Àpọ́sítélì. Ọdún 1940 ni Warner Sallman, ọmọ Amẹ́ríkà kan ní Chicago, yà á. Kì í tilẹ̀ ṣe ọmọ Ìjọ Àgùdà, Pùròtẹ́sítáǹtì ni. Mi ò sọ ọ́ kí ẹ lè já a sílẹ̀ lára ògiri o. Ìyá tèmi náà kú sábẹ́ ọ̀kan. Mo sọ ọ́ kí a lè mọ̀ pé ẹni tó bá ní òun ń gbèjà Jésù tí Ìjọ fi lé wa lọ́wọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwòrán tí oníṣòwò tẹ̀ jáde ló ń gbèjà.

Ti Àánú Ọlọ́run ńkọ́, èyí tí ìmọ́lẹ̀ pupa àti funfun ń jáde láyà Jésù, tí wọ́n kọ "Jésù, mo gbẹ́kẹ̀ lé ọ" sísàlẹ̀ rẹ̀? Òun ni mo fẹ́ràn jù. Sístà Faustina rí ìran náà ní Płock ní ilẹ̀ Pólándì, ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì ọdún 1931. Eugeniusz Kazimirowski ló kọ́kọ́ yà á, ní 1934. Nígbà tí Faustina rí i, ó sunkún. Ó ké sí Olúwa pé ta ló máa lè yà ọ́ bí o ṣe lẹ́wà tó. Ìdáhùn tó kọ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ ni pé iyì àwòrán náà kò sí nínú ẹwà ọ̀dà tàbí ti búrọ́ọ̀ṣì, inú oore-ọ̀fẹ́ Olúwa ló wà. Faustina kú ní 1938. Èyí tó gbajúmọ̀ jù lónìí, tí Adolf Hyła yà, lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n yà á. Ẹni tó rí ìran náà fúnra rẹ̀ ò fojú kan àwòrán tó gbajúmọ̀ jù yìí. Olúwa kò sì sọ fún un pé kí wọ́n wá ẹni tó mọ̀ ọ́n yà jù lọ kí òun tó lè ṣàánú.

Àwọn onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ ní Róòmù ńkọ́? Lára ògiri ihò tí wọ́n ń sin òkú wọn sí lábẹ́ ilẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin olùṣọ́-àgùntàn tí kò ní irùngbọ̀n ni wọ́n yà, ó gbé àgùntàn lé èjìká, ó múra bí olùṣọ́-àgùntàn ilẹ̀ wọn. Àwọn ni wọ́n ń pa nítorí orúkọ Jésù, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé ìgbàgbọ́ wọn kò péye.

Ọ̀rọ̀ kan sì wà tó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà wa, pé nǹkan ìbílẹ̀ kò ní bu iyì kún pẹpẹ, pé iṣẹ́ òyìnbó ló mọ́. Ní Ifẹ̀! Nígbà tí Leo Frobenius, ọmọ Jámánì, dé ìlú yìí ní 1910, tó rí orí amọ̀ àti orí idẹ tí àwọn baba ńlá wa ṣe, ẹwà wọn kà á láyà débi pé ó ní kò lè jẹ́ àwa la ṣe é. Ó ní àwọn Gíríìkì kan ló ti gbé etíkun wa rí, pé ilẹ̀ Atlantis tó rì sómi ló rí. Ní 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ tún hú orí idẹ síta, ojú tó tutù, ètè tó pé, ìlà wẹ́wẹ́ tó sọ̀ kalẹ̀ láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Ẹ lọ wò wọ́n ní Mùsíọ́mù Ifẹ̀ ní Ẹnuwá, kò jìnnà. Frobenius ni kò gbà pé ọwọ́ wa lè ṣe ohun tó níyì tó bẹ́ẹ̀. Kò yẹ kí ọmọ Ifẹ̀ bá a sọ ọ́, pàápàá nínú ilé Ọlọ́run.

Kì í sì ṣe pé àwa la máa kọ́kọ́ dán an wò. Ní 1947, Fada Kevin Carroll, tó jẹ́ ti SMA, ẹgbẹ́ àwọn míṣọ́nnárì Kátólíìkì tó ń ṣiṣẹ́ ní Áfíríkà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọnà pẹ̀lú Fada kejì rẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Wọ́n pe George Bándélé láti Ọ̀sì, ọmọ agbẹ́gilére tí òkìkí rẹ̀ kàn ní gbogbo Èkìtì, wọ́n ní kó fi ọwọ́ tí wọ́n fi ń gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin gbẹ́ ìtàn Jésù. Ọ̀dọ̀ Bándélé níbẹ̀ ni Lámídì Ọlọ́nàdé Fákẹ́yẹ ti kọ́ṣẹ́ sí i, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, Mùsùlùmí tó gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ilé ìjọsìn Kátólíìkì Yunifásítì Ìbàdàn. Nígbà tó yá, ó wá di olùkọ́ níbí, ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Òun ló gbẹ́ Odùduwà tó dúró ní Gbọ̀ngàn Odùduwà láti 1987. Gbogbo yín lẹ ti kọjá níwájú rẹ̀ nígbà tí ẹ lọ wo àwọn ọmọ yín tó ń gboyè. Mi ò gbọ́ pé bíṣọ́ọ̀bù kankan dá a lẹ́kun pé kó má gbẹ́ Jésù, mi ò sì gbọ́ pé Mùsùlùmí kankan sọ pé ó ti di Kìrìsìtẹ́nì. Carroll yìí kan náà ló gbé Ọ̀nà Àgbélébùú mẹ́rìnlá fún Bruce Onobrakpeya láti yà sí ṣọ́ọ̀ṣì St. Paul ní Ẹ̀bùté-Mẹ́ta ní Èkó ní àwọn ọdún 1960, ó sì yà wọ́n bí ẹni pé ilẹ̀ wa ló ti ṣẹlẹ̀. Àwọn ọmọ ìjọ kan kùn gan-an nígbà náà. Lónìí, òkìkí iṣẹ́ náà ti kàn.

Ohun tí Ìjọ fúnra rẹ̀ wí kò fara sin. Ìgbìmọ̀ Vatican Kejì, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìsìn tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ọdún 1963, ní ìpínrọ̀ 123, sọ pé Ìjọ kò sọ irú ọnà kan di tirẹ̀ ju òmíràn lọ, pé kí ọnà gbogbo ẹ̀yà àti gbogbo ilẹ̀ ní àyè nínú rẹ̀, bó bá ṣáà ti ń fi ọ̀wọ̀ tó yẹ sin ilé Ọlọ́run. Póòpù Paul Kẹfà dé Kampala ní ilẹ̀ Uganda ní 1969, ó sọ fún àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áfíríkà pé wọ́n lè ní ìgbàgbọ́ Kìrìsìtẹ́nì tó jẹ́ ti Áfíríkà, pé ó tilẹ̀ di dandan fún wọn. Ẹni tó bá fẹ́ràn Póòpù, kó fẹ́ràn èyí náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ó kàn yín o. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́.

Àwòrán tí ẹ gbé wá sí ìpàdé tó kọjá, mo wò ó dáadáa. Jésù wọ agbádá funfun, ó dé fìlà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ méjèèjì, kò sí igi lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ojú ọgbẹ́ kankan lára rẹ̀. Ẹ ní ìyà ti tó ní Nàìjíríà, pé ẹ fẹ́ Jésù tó jí dìde, tó bá wa yọ̀. Mo gbọ́ ìdí yín, ó sì wọ̀ mí lọ́kàn. Ṣùgbọ́n kò ṣeé ṣe níbi tí ẹ fẹ́ gbé e sí. Ìlànà Gbogboogbò Ìwé Mísà, ní nọ́ńbà 308, sọ pé lórí pẹpẹ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àgbélébùú gbọ́dọ̀ wà, tí Kírísítì tí wọ́n kàn mọ́ ọn sì wà lára rẹ̀, níbi tí gbogbo ìjọ ti lè rí i. Kò sọ pé igi lásán. Kò sì sọ pé Jésù tó ń rẹ́rìn-ín. Póòpù Pius Kejìlá ti kìlọ̀ ṣáájú nínú ìwé Mediator Dei ní 1947, ọdún kan náà tí iṣẹ́ Ọ̀yẹ́-Èkìtì bẹ̀rẹ̀, pé ẹni tó bá ní kí wọ́n ṣe àgbélébùú tí kò fi àmì ìyà kankan hàn lára Olùràpadà ti ṣìnà. Ìwé yìí kan náà ló ní kí wọ́n fún ọnà ayé òde òní láyè, nítorí náà ẹ má sọ pé ọ̀tá ọnà ló kọ ọ́.

Bí a bá tilẹ̀ fi òfin sílẹ̀, ẹ ṣí Ìhìnrere Jòhánù orí 20. Olúwa ti jí dìde, ilẹ̀kùn wà ní títì, ó wọlé dúró láàárín wọn. Ọwọ́ àti ìhà rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi hàn wọ́n. Nígbà tí Tọ́másì dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, ojú ìṣó ló fi mọ̀ ọ́n. Àjíǹde pàápàá kò pa ojú ọgbẹ́ náà rẹ́. Bí a bá wá gbẹ́ Jésù tí ara rẹ̀ dán láìní àpá, Jésù tí Tọ́másì kò ní mọ̀ ni.

Ẹ tún ronú sí ọ̀rọ̀ aṣọ tí gbogbo wa ń jà lé lórí. Àwọn kan ní agbádá, àwọn kan ní aṣọ funfun gígùn tó wà nínú àwòrán òyìnbó. Jésù kò wọ èyíkéyìí nínú méjèèjì lórí àgbélébùú. Wọ́n ti bọ́ ọ láṣọ. Àwọn ọmọ-ogun pín aṣọ rẹ̀ sọ́nà mẹ́rin, wọ́n sì ṣẹ́ kèké lórí ẹ̀wù rẹ̀ tí kò ní ojú rírán. Àwa náà la tún jókòó sábẹ́ àgbélébùú yìí, tí à ń du ẹ̀wù rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó gbójú sókè wo ẹni tó so kọ́ síbẹ̀. Kí agbẹ́gilére fi aṣọ díẹ̀ bo ìbàdí rẹ̀ bí Ìjọ ti ń ṣe, kí ìjà aṣọ tán níbẹ̀.

Àwọn kan nínú yín tún dá a lábàá pé kí a bu ìlà fún un lójú. Mo kọ̀ ọ́ pátápátá. Ìlà ta ni? Ẹ rántí ẹni tó ń kúnlẹ̀ nínú ìjọ wa. Ọmọ Ifẹ̀ wà níbẹ̀, ọmọ Mọdákẹ́kẹ́ wà níbẹ̀, a sì rántí ohun tí ojú wa rí láti 1997 títí di 2000, ilé tó jóná, àwọn ènìyàn tí a sin, àwọn tí a ò rí òkú wọn sin. Ẹ̀yin tí a bí lẹ́yìn rẹ̀ lè má mọ̀ pé nígbà kan ní ìlú yìí, ìlú tí ènìyàn ti wá tó láti pa á lójú pópó. Ẹ wá fẹ́ bu ìlà ìdílé kan fún Jésù, kí ìdílé kejì máa wò ó lójoojúmọ́. Ara rẹ̀ ti ní àpá tó tó. Ìyẹn ni kí gbogbo wa fi mọ̀ ọ́n.

Júù sì ni. Nígbà tí ẹ bá ń sọ pé Jésù kì í ṣe òyìnbó, ẹ tọ̀nà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ Yorùbá náà. Ọmọ Màríà ará Násárẹ́tì ni, wọ́n kọ ọ́ nílà ní ọjọ́ kẹjọ, ó lọ sí sínágọ́gù ní ọjọ́ Ìsinmi. Nínú ọgbà Gẹ́tísémánì, ó pọn dandan kí Júdásì fi ẹnu kò ó lẹ́nu kí àwọn tó wá mú un tó mọ ẹni tí wọ́n máa mú, èyí tó fi hàn pé ó jọ àwọn tó yí i ká. Bí a bá gbẹ́ ẹ ní ìrísí tiwa, a ṣe é nítorí pé ó di ènìyàn fún wa pẹ̀lú. A kò fẹ́ gbà á lọ́wọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a tọ́jú àkọlé orí àgbélébùú. Jòhánù sọ pé Pílátù kọ ọ́ ní èdè Hébérù, ti Látìnì àti ti Gíríìkì, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kà á. Kí agbẹ́gilére fi èdè tiwa fín in ketekete: "Jésù ará Násárẹ́tì, Ọba àwọn Júù." Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ á lè kà á fúnra wọn, wọn ò sì ní gbàgbé ẹni tó jẹ́.

Ìjà yìí ju ti ère lọ, gbogbo wa la mọ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni ìjà nípa irú ẹni tí Jésù jẹ́ wà. Àwọn kan fẹ́ onídàájọ́, kí àwọn ọ̀dọ́ lè bẹ̀rù ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn kan fẹ́ ọ̀rẹ́ tí kì í bá ẹnikẹ́ni wí. Nínú ìtàn obìnrin tí wọ́n mú nínú àgbèrè, ẹgbẹ́ kan máa ń dúró síbi "èmi náà kò dá ọ lẹ́bi", ẹgbẹ́ kejì á bẹ̀rẹ̀ láti ibi "má dẹ́ṣẹ̀ mọ́". Ẹnu kan náà ló sọ méjèèjì, lójú kan náà. Ibi gbogbo ni ìjà yìí sì wà. Ní Seville ní ilẹ̀ Sípéènì, ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ya ara wọn lórí àwòrán tí Salustiano García yà fún Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, nítorí pé Jésù tó jí dìde nínú rẹ̀ rẹwà jù, ó sì jọ ọmọ ayé òde òní lójú àwọn kan. Ní ilẹ̀ Kánádà, Timothy Schmalz fi idẹ rọ Jésù bí ẹni tí kò nílé, tó sùn sórí bẹ́ǹṣì, tó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo orí. Kò sẹ́ni tó lè mọ ẹni tó jẹ́, àfi tó bá wo ojú ìṣó tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kàtídírà ńlá méjì, ti Toronto àti ti New York, ni wọ́n kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ló wá ń káàkiri ayé, ìkan sì wà ní Vatican. Ojú ìṣó náà la tún bá níbẹ̀.

Mo wá bẹ ìgbìmọ̀ pé kí ẹ gbà mí láyè láti sọ bí mo ṣe rò pé ó yẹ kó lọ.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ kọ̀wé sí Bíṣọ́ọ̀bù wa ní Òṣogbo. Ìgbìmọ̀ Vatican Kejì fi iṣẹ́ ìṣọ́ yìí lé àwọn bíṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́, pé kí wọ́n má jẹ́ kí iṣẹ́ tó lòdì sí ìgbàgbọ́ tàbí tí kò dára tó wọ ilé Ọlọ́run. Bó bá ti fọwọ́ sí i, kò sẹ́ni tó máa tún pe ẹnì kejì ní abọ̀rìṣà. Ẹ wá agbẹ́gilére tó mọṣẹ́, kì í ṣe ẹni tó ń gbẹ́ nǹkan àfiṣèrántí fún àwọn arìnrìn-àjò. Ẹ jẹ́ kó yàwòrán rẹ̀ sórí pépà, kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ fún àwọn ìyá tó ń jókòó níwájú kí ẹ tó gbé e fún ẹnikẹ́ni. Bí ìyá tí mo sọ nípa rẹ̀ bá ní ojú ère náà ń dẹ́rù ba òun, kí agbẹ́gilére jókòó tì í, kó bi í léèrè ìdí rẹ̀, kó tún un yà. Igi náà gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa kó má bàa là, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ nítorí ikán. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kun ún ní ọ̀dà. Kí àwọ̀ igi máa hàn.

Àgbélébùú àtijọ́ ńkọ́, ti ẹfun tó wà nínú ilé ìjọsìn kékeré? Mo gbọ́ pé ẹnì kan ní kí a jù ú nù. Ó tì o. Ẹ lọ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀dà ti bó kúrò lórí ìka ẹsẹ̀ méjèèjì, ẹfun ti yọ, ó sì ti kúnná, nítorí ètè àwọn ènìyàn tó ń fi ẹnu kò ó ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì Rere. Ìka ọwọ́ ọ̀tún kan ti kán rí, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ibi tí wọ́n lẹ̀ náà sì hàn. Àwọn òbí wa ló gbàdúrà sára rẹ̀ báyìí. Òun ni kí a máa gbé jáde ní ọjọ́ Ẹtì Rere kí gbogbo ìjọ wá júbà, lọ́dọọdún, kí tuntun máa wà lókè pẹpẹ. Àwòrán Àánú Ọlọ́run náà, kí ó dúró síbi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má ṣí i nípò.

Owó tí ẹ fẹ́ fi ra ère òkè òkun, pẹ̀lú owó ọkọ̀ òkun àti ti kọ́sítọ́ọ̀mù, mo gbà gbọ́ pé ó máa tó sanwó agbẹ́gilére, tó bá sì ṣẹ́kù, ẹ lò ó fún àwọn tó ń jókòó sí ẹnu géètì wa lọ́jọ́ Àìkú.

Ẹ yọ ìbò náà kúrò nínú ètò ìpàdé. Ẹ pe àwọn aṣojú ìhà méjèèjì, àwọn ìyá tó ń jókòó níwájú, àwọn ọ̀dọ́ akọrin, kí wọ́n jọ lọ sí ìsọ̀ agbẹ́gilére ní ọjọ́ kan náà, nínú ọkọ̀ kan náà. Bí ẹ bá gbà, èmi á kó àwọn ọmọ kátíkísì wá kí wọ́n rí bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ, mo sì ti bá àwọn òbí wọn sọ ọ́. Mo ń retí èsì yín kí Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ tó dé.

Èmi ni ọmọ yín nínú Olúwa,
Olùkọ́ kátíkísì àwọn ọmọdé,
Ilé-Ifẹ̀.